Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Ẹ̀rọ ní Èdè Yorùbá ní Yábàá

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìfaradà iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Láti nǹkan bí 2010 tí Co-Creation Hub, ibùdó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá ni àwa ará Èbúté Mẹ́ta ti ń rí yín tí ẹ ń gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọjá, inú wa sì ń dùn sí yín. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ àtọwọ́dá (AI) tí wọ́n ń pè ní N-ATLAS jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025, tí wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́, mo dúpẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí iṣẹ́ yín tó jìnnà jù: ohun tí ẹ̀rọ tí ẹ ń kọ́ yìí mọ̀ nípa ogbó, ẹnu wa nínú ilé ló ti ń kó o. Ohun tí a sì ń sọ nílé nípa àwọn àgbà wa kò dára tó bí a ṣe rò.

Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń gbé ní Òkè Pópó. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Léèsì ni wọ́n tà ní Balógun. Ìdí ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn, kí náírà tó dé ní 1973. Orúnkún ló mú wọn kúrò ní ìsọ̀, kì í ṣe ọpọlọ, kì í ṣe ojú. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sẹ́nu òwò, lórí WhatsApp, látinú yàrá àwọn. Àwọn ọmọ wọn ò gbà. Èyí tó wà ní Kánádà ní, “Màmá, kí lẹ tún ń wá? Ṣé ebi ń pa yín ni?” Èyí tó wà ní Sùúrùlérè ní kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ wọn, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa fi àdúrà ran àwọn lọ́wọ́. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní Èkó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mo mọ̀.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló ní kí àwọn bi ẹ̀rọ léèrè. Ó tẹ ìbéèrè náà ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe sọ ọ́: obìnrin ẹni ọdún 76 ni mí, mo fẹ́ máa ta léèsì lórí fóònù, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rọ náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà, kí wọ́n má ṣe fi ara wọn ṣe wàhálà, kí wọ́n wá ọmọ tàbí ẹbí kan tí yóò máa bá wọn bójú tó owó, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà fúnra rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Mo gba fóònù, mo tẹ ìbéèrè kan náà, mo sọ ọdún di 30. Ìmọ̀ràn ń tú jáde: iye tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀, bí n óò ṣe ya àwòrán aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, bí n óò ṣe gba ìdajì owó kí n tó gé aṣọ, bí n óò ṣe wá oníbàárà lókè òkun, oṣù tí ìnáwó máa ń pọ̀. Kò dárúkọ dókítà rárá.

Èsì tó fún Màmá Àgbà àti èsì tí àwọn ọmọ wọn ti fún wọn ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ ò ní ìyá. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò ṣubú ní báluwẹ̀. Níbo ló ti wá rí ọ̀rọ̀ yẹn bí kò ṣe lọ́dọ̀ wa?

Ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rọ náà a máa ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀, a máa ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ arúgbó ni wọ́n ti ń dárúkọ àìsàn, ìgbàgbé, ìrànlọ́wọ́ àti àjẹ́, ohun tí yóò mọ arúgbó sí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, àwọn ènìyàn á jókòó, wọ́n á máa fún ìdáhùn rẹ̀ ní máàkì, èyí tó dára, èyí tí kò dára. Ta ló sábà máa ń jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn? Àwọn ọ̀dọ́ ni. Ní 2018, Mark Díaz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀rọ 15 wò, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá rere tàbí búburú ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fún wọn, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n yí padà. Àǹfààní tí gbólóhùn ọ̀dọ́ ní láti gba máàkì rere fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti gbólóhùn àgbà lọ. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ìwé ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà nínú ètò ìlera: bí kò bá sí àgbà nínú dátà, tí kò sì sí àgbà láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ò ní mọ̀ wọ́n, yóò sì máa ṣèpinnu lé wọn lórí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ti hewú nìkan ni. Ní 2023, ilé iṣẹ́ iTutorGroup gbà láti san 365,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ẹ̀rọ ìgbanisíṣẹ́ wọn ń já obìnrin tó bá ti pé 55 àti ọkùnrin tó bá ti pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dànù láìka ìwé wọn. Tiwa níbí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ tó wà káàkiri Èkó: “kò gbọdọ̀ ju ọdún 26 lọ.” Bí ẹ bá da ìpolówó wọ̀nyẹn sínú ẹ̀rọ, tí ẹ sì ní kó máa bá ilé iṣẹ́ ṣa àwọn tó ń wáṣẹ́, ẹ̀yin gan-an ló kàn. Púpọ̀ nínú yín ti lé ní 26. Ní ìlú yìí, a ti ń sọ ènìyàn di àgbà tí kò wúlò kó tó ṣègbéyàwó.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní Yorùbá ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, pé àwa là ń kúnlẹ̀, àwa là ń dọ̀bálẹ̀, àwa là ń pe ẹni tó fi ọdún kan péré jù wá lọ ní ẹ̀gbọ́n. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Bí màmá bá pé 80, a ó ta kánópì sí òpópónà, a ó dá aṣọ ẹbí, a ó pe olórin, a ó gbé wọn sórí àga ńlá bí ọba. Ní ọ̀la rẹ̀, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa ilé tí àwọn fúnra wọn kọ́, a ó ní, “Màmá, ẹ má dà wá láàmú.” Bí wọ́n bá gbàgbé ibi tí wọ́n fi awò ojú sí, a ó ní wọ́n ti ń ṣarán. Èmi náà gbàgbé kọ́kọ́rọ́ mi lánàá, kò sẹ́ni tó ní mo ń ṣarán. Bí wọ́n bá mú fóònù lọ́wọ́, kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ kan á ti na ọwọ́: “Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ obìnrin ni wọ́n, tí kò lọ́mọ nítòsí, tó ń dá gbé, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, gbogbo wa la mọ orúkọ tí àdúgbò máa ń fún wọn. Fíìmù wa ti fi kọ́ àwọn ọmọ wa, àwọn ilé àdúrà kan sì ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán sí etí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ ènìyàn 660 ní ìlú kékeré kan ní Ohio, àwọn tó ti pé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní èrò wọn nípa ogbó ara wọn. Nígbà tí wọ́n wá kà á pé ta ló kú nígbà wo, wọ́n tẹ èsì jáde ní 2002: àwọn tó ní èrò rere nípa ogbó fi ọdún méje àbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn kò dára. Àlàyé tí Levy ṣe lẹ́yìn náà ni pé láti kékeré ni ènìyàn ti ń gba èrò yìí sára, kó tó di pé ó kan òun fúnra rẹ̀. Ohun tí a ń sọ sí màmá níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn, a ń sọ ọ́ sínú ara ọmọ náà.

Ní ti ìgbàgbé tí a ń fi ń dẹ́rù ba ara wa, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó wá láti ilé wa. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn UCH Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn àgbà Ìdíkàn wò nílé, tí àwọn akẹgbẹ́ wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé 65, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé (dementia) ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ti Yorùbá ò tó ìdajì ti ọ̀hún. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ tó bá ń sọ Yorùbá mọ èyí, kó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, kó tó máa rán gbogbo ẹni ọdún 76 lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá ńkọ́? Nígbà tí Màmá Àgbà rí i pé títẹ̀ ń pẹ́, wọ́n ní àwọn á máa sọ ọ́ sí fóònù kí ó máa kọ ọ́. Wọ́n sọ pé, “Ẹ kú ọjà o, aṣọ tuntun ti dé.” Fóònù kọ ohun kan nípa ẹ̀kúrọ́. Wọ́n tún un sọ, wọ́n gbé ohùn sókè, ó tún burú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ-ọmọ wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fóònù gbọ́. Wọ́n rọra gbé fóònù náà sórí tábìlì, wọ́n ní, “Kò gbọ́ tèmi.” Kò sí ohun tó ṣe ohùn wọn. Ó ti rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀, eyín méjì sì ti kúrò níwájú, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn ìdajì àwọn ìyá wa rí. Ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò lè gbọ́ ọ nígbà tó bá dé ọjà. Bí ẹ bá ń lọ sí yunifásítì lọ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ka gbólóhùn sí máíkì, tí ẹ ò dé Òkè Pópó, ẹni ọdún 22 ni Yorùbá yín. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ìfowópamọ́ tí ẹ̀rọ ti ń sọ fún ìyá arúgbó pé kò ní ìka, nítorí pé ìlà ìka máa ń pẹlẹ́, awọ a sì máa gbẹ bí ara ṣe ń dàgbà, pàápàá lára ẹni tó ti fi ọṣẹ fọ aṣọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Wọn ò ní kó lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ní kó lọ mú ọmọ rẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló ń lọ báyìí tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní. Aládùúgbò wọn kan gbé léèsì kan wá fún wọn láti wò. Wọn ò wo iwájú aṣọ náà rárá. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á, wọ́n gbé e sún mọ́ etí bí wọ́n ṣe ń ra á, wọ́n wá fà á díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, “Omi àkọ́kọ́ ni sítáàṣì yìí máa bá lọ. Òwú tó bá kù, kò ní lè gbé òkúta yìí dúró.” Wọ́n ní kí ó rẹ ẹ́ sómi kó tó gbé e fún télọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń mọ èyí tó wá láti Lustenau ní Ọ́síríà láyé àtijọ́, ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ létí aṣọ ni wọ́n máa ń wò. Mo jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìmọ̀ yìí ni àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n gbé jókòó, kí wọ́n máa gbàdúrà.

Èmi ò ní kí ẹ sọ àgbà di òrìṣà o. Àgbà a máa ṣìṣe, àgbà a máa jẹ gàba, àwọn kan sì wà tí ọkàn wọn le. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ̀nà kí ẹ̀rọ tún yà wọ́n sí igun kejì, ti baba onírùngbọ̀n funfun tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé alámọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń pa òwe. Irú àwòrán yẹn ni ẹ̀rọ ayàwòrán gbé fún mi nígbà tí mo ní kó ya àgbàlagbà Yorùbá. Mo wo àwọn àgbà tí mo mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ọ̀kan ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tó ń bá àwọn oníná fa ọ̀rọ̀; ọ̀kan ń gba àjọ, ìwé àjọ rẹ̀ kì í ṣì; ọ̀kan ń fi fóìsì nóòtì bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin jà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Kò sí èyí tó ń gbé ilé alámọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti jápa ń ní kí wọ́n bá wọn gbé kámẹ́rà sí pálọ̀ màmá, kí ẹ̀rọ lè kéde bí wọ́n bá ṣubú. Ó lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni bi màmá? Bí ẹ bá ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì tí wọn ó fi pa á wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní Toronto nìkan.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rọrùn, àmọ́ yóò ná yín lówó. Ẹ gba àwọn àgbà síṣẹ́. Ẹ san fún wọn ní iye tí ẹ ń san fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka gbólóhùn, tàbí kí ẹ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe kí ẹ wá gba ohùn wọn kí ẹ sì lọ; ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lára àwọn tó ń fún ìdáhùn ẹ̀rọ ní máàkì, kí wọ́n lè sọ fún yín pé, “Ẹni ọdún 76 kan ò ní fẹ́ kí wọ́n dá òun lóhùn báyìí.” Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ọdún méjì tó yàtọ̀ síra, bí mo ṣe ṣe, ẹ bi í nípa òwò, nípa ìfẹ́, nípa ilé kíkọ́, nípa ẹ̀kọ́ tuntun, kí ẹ sì wo ibi tí ìdáhùn ti yà. Ìdáhùn tó bá ní kí ẹni tí kò bèèrè ìsinmi lọ sinmi, ẹ padà lọ tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà sì nílé. Kí ẹ tó lọ bá àgbà ẹlòmíràn, ẹ wo bí ẹ ṣe ń bá ti yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Sunday. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ fóònù náà fúnra wọn, kódà bí ó bá gba wákàtí kan. Ẹ bi wọ́n ní oríkì ilé yín kí ẹ tó bi ẹ̀rọ, nítorí àbúrò mi kan bi ẹ̀rọ, ó sì ṣe oríkì kan jáde fún un tí kò sí ní ilé ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Pópó, mo ti bá Màmá Àgbà àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Ẹ wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ má pè wọ́n lọ sí ọ́fíìsì tó wà ní òkè kẹta láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ gbé máíkì yín wá sí ilé. Ẹ wá pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú. Ẹ kọ iye owó tí ẹ fẹ́ san sínú ìwé, kí ẹ kà á sí wọn létí, nítorí oníṣòwò ni wọ́n, wọn á ná a. Màmá Àgbà ti ní àwọn ò ní ka gbólóhùn tí ẹlòmíràn kọ. Tiwọn ni wọ́n máa sọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n yín,
Ọmọ Èkó kan láti Èbúté Mẹ́ta